Fọ́ọ̀mù Tí Linwood Tapley Kò Fọwọ́ Sí

Kí ló lè mú kí ọkùnrin tí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń jò, tí ó ń fi igi ìdáná tí àwọn ará ìjọ fi tọrẹ mú ara àwọn ọmọ gbóná nígbà òtútù, kọ̀yìn sí owó tí ìjọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ nà sí i? Ọdún méjì gbáko ni àwọn ará ìlú Haskell Mills fi bi ara wọn ní ìbéèrè yìí. Wọ́n béèrè rẹ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n béèrè rẹ̀ lórí odò tó ti dì, níbi tí àwọn àgbà ọkùnrin ti ń ju ìwọ̀ sínú ihò yìnyín. Wọ́n tilẹ̀ béèrè rẹ̀ níbi ìsìnkú, kí òkú tó wọlẹ̀. Kò sí ẹni tó mú ìdáhùn bọ̀. Linwood Tapley fúnra rẹ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ Onítẹ̀bọmi tó wà lẹ́sẹ̀ afárá, kì í ṣe ju kó rẹ́rìn-ín músẹ́ lọ. Yóò ní, "Mo ṣì ń kà á lọ́wọ́."

Ojú ewé mẹ́rin péré ni fọ́ọ̀mù náà.

Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ fún Ardith Cyr, akọ̀wé ìlú. Haskell Mills kò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba tirẹ̀ rí. Àṣà ibẹ̀ ni pé òbí yóò yan èyí tó wù ú káàkiri agbègbè, ìlú yóò sì sanwó ọmọ náà níbẹ̀. Láyé àtijọ́, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá ti ń kọ́ ọmọ ní àdúrà kò sí lára èyí tí a lè yàn. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ náà ti dájọ́ pé ìpínlẹ̀ tó bá ń sanwó fún ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kò gbọdọ̀ yọ òmíràn sílẹ̀ nítorí pé ó jẹ́ ti ìjọ. Látọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ló kù: kí ilé-ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kó sì fi í ránṣẹ́.

Delphine, ọmọ-ọmọ Ardith, pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, yóò sì parí ìwé mẹ́jọ ní oṣù Kẹfà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba tó sún mọ́ wọn jù jìnnà tó máìlì méjìdínlógójì, ojú ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ sì gba kọ́nà ilé ìlagi kọjá. Kọ́nà yẹn ni ọkọ̀ Noella, ìyá Delphine, ti yọ̀ lórí yìnyín lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Noella kú lójú ẹsẹ̀. Delphine, tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, kò fara pa rárá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò tíì gba kọ́nà yẹn kọjá mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ardith gbé e wọ bọ́ọ̀sì láti dán an wò. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni Delphine bẹ awakọ̀ kó dúró kí wọ́n tó débẹ̀, tó sì fẹsẹ̀ rìn padà wálé.

"Mémère, ẹ má bínú," ni ó wí fún ìyá ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, bó ṣe ń gbọn yìnyín kúrò ní bàtà. "Èmi kọ́ ló kọ̀ o. Ẹsẹ̀ mi ni."

"Ẹsẹ̀ kì í yege ìdánwò, ọmọ mi."

"Kì í sì í kú nínú ọkọ̀."

Láti ilé wọn sí ilé-ẹ̀kọ́ Tapley, tó ní kíláàsì girama tirẹ̀, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kò sì sí kọ́nà kankan lọ́nà.

Tapley ti sọ fún un láti ìgbà ìwọ́wé, kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, pé, "Ẹ mú un wá, Màmá Cyr. Ilẹ̀kùn ò tì." Nígbà tí Ardith béèrè iye tí yóò san, ọkùnrin náà dá a lóhùn pé, "Ṣé ẹ gbọ́ tí mo dárúkọ owó ni?" Ohun tó lé Ardith sẹ́yìn gan-an nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó ti ń kọ ìwé ìlú. Òun ló ń ka ìbò, òun ló ń búra fún àwọn aṣojú. Ó gbà pé akọ̀wé tó bá gba oore lọ́wọ́ ìjọ kan kò lè fi ọwọ́ mímọ́ kọ ọ̀rọ̀ ìjọ náà sílẹ̀ mọ́. Bí owó bá ti ọwọ́ ìlú wá lábẹ́ òfin, ẹ̀tọ́ ni, ẹ̀tọ́ kì í sì í ti ènìyàn lójú. Bí ó bá ti ọwọ́ Tapley wá, àánú ni, àánú sì ní ẹni tí a ń dọ̀bálẹ̀ fún. Nítorí náà, ó dúró de fọ́ọ̀mù.

Ní ọ́fíìsì rẹ̀ ni àwọn tó ní èrò lórí ọ̀rọ̀ náà ti máa ń pàdé, pàápàá Merle Hoyt àti Cedric Ouellette. Merle, tó gé igi títí tó fi fẹ̀yìn tì, ni díákónì àgbà nínú Ìjọ Onítẹ̀bọmi. Cedric, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, jẹ́ Àgùdà bíi Ardith, ó sì gbà gbọ́ pé ògiri tó wà láàárín ìjọ àti ìjọba kò gbọdọ̀ ní ojú fèrèsé. Ogójì ọdún ni àwọn méjèèjì ti jọ ń pẹja nínú àhéré kan ṣoṣo lórí yìnyín.

"Agídí ni," ni Merle wí. "Linwood ò lè gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun pé ọwọ́ ọ̀tún òun ni ọwọ́ ọ̀tún."

"Ọgbọ́n ni," ni Cedric fèsì. "Ó mọ̀ pé ẹni tó ń bọ́ ajá ló ń so ó."

"Ṣé ajá ni wá?"

"Èmi ò pe ẹnikẹ́ni lájá. Ìwọ lo gbó."

Ardith bojú wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀ kí ẹ̀rín má baà jáde. Merle kò fara mọ́ ọn. "Àwọn Sísítà yín ńkọ́? Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ta ló ń san owó oṣù àwọn Sísítà tó kọ́ ẹ ní ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, pẹ̀lú aṣọ dúdú wọn àti ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà? Ṣebí owó orí bàbá mi náà wà níbẹ̀!"

"Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kò dáa. Bàbá ẹ ń sanwó, ó sì ń bú wa lójoojúmọ́."

"Ó ti ń bú yín lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀."

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, Ardith gbé èrò méjèèjì sórí ìwọ̀n. Kì í ṣe agídí: alágídí a máa fi agídí rẹ̀ yangàn, Tapley kò sì yangàn. Kì í ṣe ti ògiri Cedric pẹ̀lú: ẹni tó ní ìlànà kan kì í tijú láti kéde rẹ̀, Cedric alára sì jẹ́ ẹ̀rí. Ẹni tó bá pa ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ fún ọdún méjì, ènìyàn ni ó ń dáàbò bò, kì í ṣe ìlànà. Ta wá ni?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́rú kan nínú oṣù Kejì, ó lọ wá ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Ó mú orúkọ àwọn ọmọ tó ń parí ìwé mẹ́jọ dání, nítorí akọ̀wé kì í rìn lásán. Ó bá Tapley ní ìta, láìdé fìlà, etí rẹ̀ pọ́n bí tòmátì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń bọ àwọn ọmọ lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ó bi ọ̀kan bóyá ó ti jẹun. Ó bi òmíràn bóyá bàbá rẹ̀ ti kọ lẹ́tà wá láti ẹ̀wọ̀n. Ọmọbìnrin kékeré kan na ọwọ́ òsì sí i torí pé ọ̀tún dì mọ́ ológbò, Tapley sì bọ ọwọ́ òsì náà, ó bọ ẹsẹ̀ ológbò, ó ní kí ológbò padà sílé.

Nínú yàrá rẹ̀, fọ́ọ̀mù náà wà lórí tábìlì. Etí rẹ̀ ti rọ̀ bí aṣọ tí a ti fọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Tapley ti fi ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ kọ èsì sí gbogbo ìbéèrè, àfi ìkẹsàn-án. Ardith kà á láti òdìkejì tábìlì, nítorí pé akọ̀wé tó dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ mọ bí a ti ń ka ìwé tó dorí kodò: *Òfin wo ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí fi ń gba ọmọ wọlé? Ẹ so ó mọ́ ìwé yìí.* Wọ́n sì ti fi irin so abala ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn.

"Ọ̀gá Tapley, ìbéèrè kan ṣoṣo yìí lẹ̀ ń bá jà láti ọdún méjì?"

"Ìbéèrè náà ò burú, Màmá. Ìdáhùn ni."

"Ìdáhùn ọ̀hún nìyẹn, ẹnìkan ti tẹ̀ ẹ́."

"Ó ti tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́." Kò bo ìwé náà mọ́lẹ̀. Ó tilẹ̀ tì í díẹ̀ sápá ọ̀dọ̀ Ardith.

Ó rọrùn fún Ardith láti nawọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó rí àmì ìjọ lókè ìwé náà. Ìwé ìjọ ni. Akọ̀wé ìlú kì í sì í ka ìwé ìjọ tí ìgbìmọ̀ ìjọ náà kò fi ránṣẹ́ sí i. Ó gbé ojú kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn balùwẹ̀ onílé. Ní gbogbo ayé, ó kù bóyá ibòmíràn wà tí ènìyàn ti lè fi ìwà títọ́ pàdánù ìdáhùn tó ń wá kiri, nígbà tí ìdáhùn náà kò jìnnà sí ìka rẹ̀ ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ.

"Ẹ kúkú sọ ọ́ fún mi lẹ́nu," ni ó wí.

"Bí mo bá sọ ọ́ fún yín níkọ̀kọ̀, òfófó ni. Bí mo bá sọ ọ́ nínú ìjọ, ìjà ni."

"Níbo lẹ ó ti wá sọ ọ́?"

"Mo ń gbàdúrà kí n má sọ ọ́ níbì kankan."

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Merle fi gbé ìwé àwọn olùfọwọ́sí wá. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ ìpàdé ìlú ti oṣù Kẹta: kí ìlú kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ Ìjọ Onítẹ̀bọmi pé kí wọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà fúnra wọn kí oṣù tó parí. "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò," ni ó wí. "Ìgbìmọ̀ lè fọwọ́ sí i láìsí Linwood. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé kó má dà bíi pé a ń fi ipá mú un. Bí ìlú bá bẹ̀ wá, ó parí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Nítorí ọmọ yẹn ni mo ṣe ń ṣe é, Ardith. Mo rí i lọ́jọ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti kọ́nà. Mo dúró, mo ní kó wọ ọkọ̀ mi. Ó ní, 'Ẹ ṣé, Bàbá Hoyt, ṣùgbọ́n ẹ máa lọ.' Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá! Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà."

Ardith mọ̀ pé òótọ́ ni, nítorí Merle kò mọ irọ́ pa. Ó ka orúkọ àwọn olùfọwọ́sí, ó rí i pé wọ́n pé. Kò fi tirẹ̀ kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ń yún un. Ó di ọ̀rọ̀ kẹtàdínlọ́gbọ̀n lórí ìwé ìpàdé.

Ní ọjọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn ìlú kún dẹ́nu. Ẹrẹ̀ dúdú tẹ̀lé bàtà gbogbo ènìyàn wọlé. Ẹ̀wà tí wọ́n fi oyin ìrèké sè mọ́jú nínú ihò ilẹ̀ ń ta sánsán láti ilé ìdáná, àwọn obìnrin sì ń hun ìbọ̀sẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ owó ọ̀nà kò kàn wọ́n, títí tí ẹnìkan yóò fi sọ iye tó pọ̀ jù, tí abẹ́rẹ́ gbogbo wọn yóò dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Delphine àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, wọ́n ń ta páì. Verna Stubbs, alága ìpàdé, ni ó di òòlù igi mú. Gbogbo olùdìbò ní káàdì aláwọ̀ ọsàn lọ́wọ́ láti fi dìbò. Tapley kò ní. Òkè odò, ní ìlú Dunmore, ni ilé rẹ̀ wà, nítorí náà orí bẹ́ǹṣì àwọn àlejò ni ó jókòó sí. Òfin ìpàdé sì ni pé àlejò kò gbọdọ̀ la ẹnu àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn olùdìbò bá gbà fún un.

Ó di ọ̀sán kí wọ́n tó dé ọ̀rọ̀ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Cedric dìde, ó ní owó tó bá wọ inú ìjọ kì í jáde láìyí ìjọ padà: ìjọ yóò máa bojú wo ìjọba kó tó gbàdúrà, ìjọba yóò sì máa bojú wo ìjọ kó tó ṣòfin. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un díẹ̀. Merle dìde, kò sì ṣe àríyànjiyàn kankan. Ó sọ ti ọmọ kan, láìdárúkọ, tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú yìnyín. Àwọn obìnrin gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Merle ti borí.

"Ṣé kí á dìbò?" ni Verna béèrè.

Ardith wo káàdì tí àwọn ènìyàn ti fẹ́ gbé sókè. Bí wọ́n bá gbé e, Delphine ti wọlé. Bí Tapley bá sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kó bà á jẹ́. Ó mọ èyí dájú. Ṣùgbọ́n ìlú tó ń fẹ́ fọwọ́ sí ìwé lẹ́yìn ọkùnrin kan, tí ọkùnrin náà sì jókòó láàárín wọn láì ní ẹnu, kò dùn mọ́ ọn nínú. Àti pé, kí á sọ òótọ́, ó fẹ́ mọ̀. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sọ ohunkóhun rí láti ìdí tábìlì yẹn ju iye ìbò lọ. Ó dìde.

"Alága, mo dá a lábàá pé kí a jẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Tapley sọ̀rọ̀."

"Ardith!" ni Merle kígbe. "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i!"

"Alága ni kí o bá sọ̀rọ̀, Merle," ni Verna wí.

"Alága, ẹ bá mi sọ fún Ardith pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i!"

Cedric ló gbe àbá náà lẹ́yìn. Ardith ka káàdì: mẹ́rìnlélọ́gọ́rin gbà, mọ́kàndínlógójì kọ̀. Ó fi díẹ̀ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ.

Tapley rìn wá síwájú. Ó nawọ́ sórí láti yọ fìlà, ó rí i pé kò dé e, ó gbé ọwọ́ sílẹ̀.

"Alága, ìbéèrè kan wà lórí fọ́ọ̀mù náà tó ń béèrè òfin tí a fi ń gba ọmọ. A ò lófin kankan. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mò ń wojú ọmọ. Ìjọ ló ń bọ́ wa, ìjọ ò sì bi mí rí. Nígbà tí fọ́ọ̀mù dé, ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n kọ òfin kan. Díákónì Hoyt ló tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí bàbá àti ìyá ọmọ ti ṣègbéyàwó, kí ọ̀kan nínú wọn, ó kéré tán, sì ti ṣe ìrìbọmi bó ti yẹ, kó wọnú omi pátápátá, kì í ṣe kí wọ́n wọ́n omi sí i lórí."

"Kí ló burú nínú ìyẹn?" ni Merle wí láti ìjókòó rẹ̀. Verna na òòlù mọ́ tábìlì.

"Alága, ẹ bá mi sọ fún un pé kò sóhun tó burú níbẹ̀ lórí ìwé. Òfin ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n mo mú un lọ sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi wo àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n. Mọ́kànlá ni òfin náà á gbà wọlé. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á padà sínú òtútù. Mi ò ní dárúkọ wọn. Àwọn tó bí wọn wà níbí."

Kò sí ẹni tó bojú wo ẹnìkejì rẹ̀, nítorí pé olúkúlùkù ló ń ka àwọn ọmọ náà lọ́kàn ara rẹ̀.

"Èmi ńkọ́?" Ohùn Delphine ni, láti ìdí páì. Òun náà kò ní káàdì, ṣùgbọ́n Verna kò na òòlù. "Màmá mi ò ṣègbéyàwó. Àgùdà sì ni. Omi ni wọ́n wọ́n sí i lórí. Èmi náà á padà nìyẹn, àbí, Ọ̀gá?"

Tapley wò ó lójú. Kò sì yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Merle ti dìde. Ojú rẹ̀ pupa láti ọrùn dé iwájú orí. "Mi ò... Torí ọmọ yìí gan-an ni mo ṣe..." Ó di àga iwájú rẹ̀ mú. "A ó pa á rẹ́, Linwood! A ó kọ òmíràn. Sọ ohun tí o fẹ́ kó wà níbẹ̀, màá tẹ̀ ẹ́ lónìí, kí o sì fọwọ́ sí i!"

Ardith gbé gègé sílẹ̀. Ohun tí ó ti ń pè ní àánú láti ìgbà ìwọ́wé, tó sì ti ń sá fún, òun ni ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ìlú rẹ̀ ń jẹ dàgbà, láìsí ẹni tó ní kí òbí wọn dọ̀bálẹ̀; Delphine náà lè jẹ nínú rẹ̀.

"Ẹ ó kọ òmíràn, Merle," ni Tapley wí. Ó ti gbàgbé alága, alága sì jẹ́ kó gbàgbé. "Á dáa ju èyí lọ. Ọmọ kan á sì tún wá, lọ́dún tó ń bọ̀ tàbí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, tí òfin náà ò ronú kàn. Ẹni tó bá gba owó gbogbo ìlú gbọ́dọ̀ lè sọ fún gbogbo ìlú òfin tó fi gba ọmọ kan, tó fi lé èkejì. Cedric gbà bẹ́ẹ̀, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ ìlú ni. Ìdí tí mi ò fi fọwọ́ sí i nìyẹn. Èmi ò lófin kankan tí mo lè fi hàn yín. Mo kàn máa ń ṣílẹ̀kùn ni."